Ẹjọ́ Seán Rooney: Ta Ló Ń Gba Ẹjọ́ Ọmọ Ogun Tó Kú Sílẹ̀ Àlejò Rò?

Ọkọ̀ méjì ni wọ́n, ọmọ ogun Ireland mẹ́jọ ló wà nínú wọn. Alẹ́ ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni, wọ́n ń lọ sí Beirut, olú ìlú Lẹ́bánónì, lábẹ́ àsíá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ọkọ̀ kejì ṣìnà, kò rí ti iwájú mọ́, ó sì já sí Al-Aqbiya, ìlú kékeré kan tí kò sí lágbègbè iṣẹ́ wọn rárá. Àwọn èèyàn dí wọn lọ́nà, wọ́n yí wọn ká, ìbọn sì dún. Seán Rooney ló wà nídìí ọkọ̀. Ọta ìbọn bà á, ó kú. Ẹnì kan nínú àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ náà fara pa yánnayànna. Rooney kò tíì pé ọmọ ọdún 25, ó sì ti ní àfẹ́sọ́nà tí wọ́n jọ ń múra ìgbéyàwó.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìjọba Ireland ti ń lé ẹjọ́ yìí kiri. Ní oṣù Keje ọdún 2025, ilé ẹjọ́ ológun ní Beirut dájọ́ nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín. Ẹni tí wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún kò sí nílé ẹjọ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn tó wà níbẹ̀ gba ìjìyà tó mú kí àwọn aráalé olóògbé máa wo ara wọn lójú. Ẹnikẹ́ni tó bá ka ìròyìn náà á béèrè pé báwo ni orílẹ̀-èdè tó rí já jẹ, tó lẹ́nu ọ̀rọ̀ láàárín àwọn ará Yúróòpù àti lọ́dọ̀ Amẹ́ríkà, ṣe lè sáré fún ọdún méjì àtààbọ̀ kó sì jẹ́ pé ibi tó bá a dé nìyẹn. Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro tó bí a ṣe rò, ṣùgbọ́n kò dùn ún gbọ́. Ó sì kan àwa náà, torí pé Nàìjíríà ti ń rán ọmọ ogun lọ pẹ̀tù sí aáwọ̀ nílẹ̀ onílẹ̀ láti ìgbà Congo ní 1960.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí fìlà búlúù tí àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí ń dé. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló ni fìlà, ṣùgbọ́n kò ní ilé ẹjọ́ tó lè pe ẹni tó yìnbọn pa ọmọ ogun rẹ̀ lẹ́jọ́, kò ní ọlọ́pàá tó lè lọ kan ilẹ̀kùn afurasí, kò sì ní ẹ̀wọ̀n tí yóò tì í mọ́. Òun náà lè ṣe ìwádìí, kó kọ ìròyìn, kó fún olóògbé ní àmì ẹ̀yẹ. Ìwádìí ọ̀daràn, ìmúni àti ìgbẹ́jọ́ wà lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè tí nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ìjọba tí kò lágbára tó láti pa àlàáfíà mọ́ nílẹ̀ ara rẹ̀, tí wọ́n fi ní kí àwọn àjèjì wá bá a ṣe é, ìjọba yẹn kan náà la tún ń retí pé kó lágbára tó láti mú ẹni tó pa àjèjì. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni gbogbo ìṣòro náà ti bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe pé kò sí òfin. Àdéhùn àgbáyé kan wà láti ọdún 1994 lórí ààbò àwọn òṣìṣẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Lọ́dún 2021, Íńdíà gbé ìpinnu kan wá síwájú Ìgbìmọ̀ Ààbò àjọ náà, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 2589, tó ní kí orílẹ̀-èdè tó bá gba ọmọ ogun àlàáfíà lálejò rí i pé ẹni tó bá pa wọ́n fojú winá òfin. Gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ náà ló fọwọ́ sí i láìsí alátakò. Ireland wà lára wọn, torí pé ó wà lórí àga Ìgbìmọ̀ Ààbò ní 2021 àti 2022. Ní oṣù Kejìlá 2022, oṣù tí wọ́n pa Rooney gan-an, Íńdíà tún kó àwọn orílẹ̀-èdè kan jọ ní New York láti máa tẹ̀ lé irú ẹ̀sùn báyìí. Bẹ́ẹ̀ ni àga Ireland ní Ìgbìmọ̀ Ààbò ku ọjọ́ 17 péré kó tán lọ́jọ́ tí ọmọ wọn kú. Bébà pọ̀ nílẹ̀ nígbà yẹn. Ẹni tí yóò lọ mú èèyàn wá ni kò sí.

Ìwà ipá sí ọmọ ogun àlàáfíà kì í ṣe nǹkan kékeré tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Láti 1948 tí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ti kú lẹ́nu rẹ̀ lé ní 4,400. Àìsàn àti ìjàǹbá ọkọ̀ ló pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ pa lé ní 1,000. Ẹni tó bá fẹ́ ka iye ẹjọ́ tó parí nílé ẹjọ́ lórí wọn kò nílò àkókò púpọ̀.

Àwọn kan a ní, kí ló dé tí Ireland kò gbé ẹjọ́ rẹ̀ wá sílé? Ó ní òfin tó fàyè gbà á. Láti ọdún 2000 ni ilé aṣòfin wọn ti ṣe òfin kan tó fún ilé ẹjọ́ Ireland láṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó bá ṣe òṣìṣẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé léṣe, ì báà jẹ́ ní òkè òkun. Òfin náà dára. Àmọ́ adájọ́ tó wà ní Dublin ò lè na ọwọ́ dé gúúsù Lẹ́bánónì. Bí afurasí kò bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ Ireland, bí Lẹ́bánónì kò bá sì fà á lé wọn lọ́wọ́, inú ìwé ni òfin náà yóò máa gbé. Ilé ẹjọ́ àgbáyé tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn ogun ní The Hague ńkọ́? Ìwé tó dá a sílẹ̀ ka ìkọlù sí ọmọ ogun àlàáfíà sí ìwà ọ̀daràn ogun, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Lẹ́bánónì kò sí lára àwọn tó buwọ́ lù ú, ilẹ̀ Lẹ́bánónì sì ni wọ́n ti pa Rooney. Ilẹ̀kùn yẹn tì. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù ni ilé ẹjọ́ ológun ní Beirut.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá di eré sùúrù. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n pa Rooney, ẹgbẹ́ Hezbollah fa ọkùnrin kan lé àwọn ológun Lẹ́bánónì lọ́wọ́. Ẹni tí kò mọ Lẹ́bánónì á ní kí ló kan ẹgbẹ́ òṣèlú nínú ká fa afurasí sílẹ̀. Àṣé Hezbollah ní ọmọ ogun tirẹ̀, àti pé ní gúúsù orílẹ̀-èdè náà nígbà yẹn, ẹnu rẹ̀ lágbára ju ẹnu ìjọba lọ. Ó kàn ń fi hàn pé òun lè fúnni. Ẹni tó bá lè fúnni lè gbà padà.

Ní oṣù Kìíní 2023 wọ́n fi ẹ̀sùn kan èèyàn méje. Ẹnì kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ nínú wọn ni ẹni tí Hezbollah fà sílẹ̀ yìí. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ìwé ẹ̀sùn jáde, ó sọ pé àwọn márùn-ún nínú wọn jẹ́ ọmọ Hezbollah àti ẹgbẹ́ Amal tó jẹ́ alájọṣe rẹ̀. Fídíò láti ara kámẹ́rà tó wà nítòsí ibẹ̀ wà lára ẹ̀rí, níbi tí wọ́n ti gbọ́ tí àwọn tó dí ọ̀nà ń sọ pé Hezbollah ni àwọn. Hezbollah ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé àwọn aráàlú tí inú bí ló ṣe é. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá 2023, ilé ẹjọ́ fún ẹnì kan ṣoṣo tó wà ní àtìmọ́lé ní béèlì, wọ́n ní ara rẹ̀ kò yá. Láti ìgbà náà, wọn kò rí i mọ́ nílé ẹjọ́.

Ó yẹ ká dúró díẹ̀ lórí béèlì yẹn, torí pé gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e, inú rẹ̀ ló ti jáde. Béèlì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí wọn kò tíì dá lẹ́bi lẹ́tọ̀ọ́ sí i, aláìsàn sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè tí ọlọ́pàá kò lè wọ àwọn àdúgbò kan láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, béèlì fún ẹni tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fà sílẹ̀ dà bí ẹni tó tú ẹyẹ sílẹ̀ tó ní kó má gbàgbé àtibọ̀. Ìjọba Ireland fi ẹ̀dùn ọkàn hàn. Micheál Martin, tó jẹ́ igbákejì olórí ìjọba àti mínísítà ètò ààbò nígbà náà, bá àwọn aláṣẹ Lẹ́bánónì sọ̀rọ̀. Wọ́n dá a lóhùn pé ilé ẹjọ́ dá dúró lára ìjọba. Ìdáhùn yẹn tọ̀nà lábẹ́ òfin, ó sì tún rọrùn púpọ̀ fún ẹni tó ń sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà, sísún ni wọ́n ń sún ẹjọ́ síwájú. Ogun Ísírẹ́lì àti Hezbollah tó gbóná janjan lọ́dún 2024 tún dí gbogbo nǹkan lọ́wọ́. Ireland kò ní iléeṣẹ́ aṣojú ní Beirut fúnra rẹ̀, láti Cairo ní Íjíbítì ni aṣojú rẹ̀ ti ń bójú tó ọ̀rọ̀ Lẹ́bánónì. Gbogbo ìgbà tí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ bá pé, kí aṣojú wà níbẹ̀, kó jókòó, kó gbọ́, kí wọ́n sún un, kó padà. Ẹ lè pè é ní iṣẹ́ tí kò ní èso. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀gbẹ́ni òyìnbó kan bá ń jókòó sílé ẹjọ́ ní gbogbo ìgbà, ó ṣòro kí ìwé ẹjọ́ náà sọnù sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ní tòótọ́, irú ìjókòó yẹn ni púpọ̀ nínú ohun tí ìjọba tó rán ọmọ ogun lọ lè ṣe: kó kọ lẹ́tà, kí mínísítà rẹ̀ dárúkọ olóògbé nínú gbogbo ìpàdé tó bá ṣe pẹ̀lú aláṣẹ Lẹ́bánónì, kó mú un dé New York, kó má sì jẹ́ kó rẹ òun. Àwọn ọlọ́pàá Ireland àti ọlọ́pàá ológun wọn ṣe ìwádìí tiwọn náà, wọ́n rán èèyàn lọ sí Lẹ́bánónì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí wọ́n láṣẹ láti mú níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje 2025, ìdájọ́ dé. Wọ́n dá mẹ́fà nínú àwọn méje náà lẹ́bi, wọ́n dá ẹnì kan sílẹ̀. Ẹni tó gba béèlì, tí kò padà wá, òun ni wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún. Àwọn yòókù tí wọ́n dá lẹ́bi gba ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù díẹ̀ lọ àti owó ìtanràn. Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ní Beirut, wọ́n fá a.

Ìdájọ́ yìí há Ireland láàárín nǹkan méjì. Simon Harris, tó ti gba ipò igbákejì olórí ìjọba lọ́wọ́ Martin, sọ pé ìjákulẹ̀ ni bí ìjìyà àwọn tó wà nílé ẹjọ́ ṣe fúyẹ́ tó. Ṣùgbọ́n ìjìyà tó wúwo yẹn ńkọ́? Ireland kò fara mọ́ pípa ọ̀daràn. Lọ́dún 1990 ni wọ́n ti fi òfin fagi lé e, ní 2001 àwọn aráàlú tún dìbò láti fi èèwọ̀ rẹ̀ sínú ìwé òfin tó ga jù lórílẹ̀-èdè wọn. Nítorí náà, kò sí bí mínísítà wọn ṣe lè yọ̀ pé wọ́n ní kí wọ́n lọ pa ẹnìkan nítorí ọmọ wọn, kò sì lè sọ pé kí wọ́n dín ìjìyà ẹni tí kò tilẹ̀ sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kù. Ní ti Lẹ́bánónì fúnra rẹ̀, láti 2004 ni kò ti pa ẹlẹ́wọ̀n kankan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn adájọ́ ṣì ń kéde ìdájọ́ ikú. Ẹ wò ó dáadáa: ìjìyà tó tóbi jù lọ nínú ẹjọ́ yìí bọ́ sórí ẹni tí kò sí níbẹ̀, ó sì jẹ́ irú ìjìyà tí wọn kì í ṣe. Àwọn tó wà níbẹ̀, tí wọ́n lè jẹ ìyà, ni wọ́n fọwọ́ pa lórí.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ìjọba Ireland kò fi sọ̀rètí nù, kó padà sí ọdún 1980. Ọdún 1978, tí Ìgbìmọ̀ Ààbò dá ikọ̀ tí wọ́n ń pè ní UNIFIL sílẹ̀ fún gúúsù Lẹ́bánónì, ni àwọn ọmọ ogun Ireland kọ́kọ́ dé ibẹ̀. (Nàìjíríà náà wà níbẹ̀ nígbà ìbẹ̀rẹ̀, kí àwọn ọmọ wa tó kúrò ní 1983.) Ní oṣù Kẹrin 1980, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ogun Ireland àti ẹgbẹ́ ológun ìbílẹ̀ kan tí Ísírẹ́lì ń tì lẹ́yìn. Ọmọkùnrin kan kú nínú àwọn ìbílẹ̀ náà. Lọ́jọ́ 18 oṣù yẹn, wọ́n dá ọmọ ogun Ireland mẹ́ta dúró lójú ọ̀nà. Wọ́n yìnbọn pa Thomas Barrett àti Derek Smallhorne. Ẹni kẹta gba ọta ìbọn sára, ó sì yè é. Ẹni tí wọ́n ń nàka sí ni Mahmoud Bazzi, ẹ̀gbọ́n ọmọkùnrin tó kú nínú ìjà, wọ́n ní ẹ̀san àbúrò rẹ̀ ló gbà. Ó sọ pé irọ́ ni.

Kò sí ẹni tó mú Bazzi. Ó kó lọ sí Amẹ́ríkà, ó ń gbé ní Dearborn lẹ́bàá Detroit, ó ń wa ọkọ̀ ta áísì-kirímù fáwọn ọmọdé. Àwọn ará Ireland mọ ibi tó wà. Ẹni tó yè nínú àwọn mẹ́ta náà kò dákẹ́, ìjọba wọn náà kò dákẹ́. Níkẹyìn, kì í ṣe ẹ̀sùn ìpànìyàn ló tú àṣírí rẹ̀, ìwé ìrìnnà ni. Àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà rí i pé ìwé ẹlòmíràn ló fi wọ ìlú wọn, wọ́n mú un ní 2014, wọ́n dá a padà sí Lẹ́bánónì ní oṣù Kìíní 2015. Ní oṣù Kejìlá 2020, ilé ẹjọ́ ológun kan náà ní Beirut dá a lẹ́bi, wọ́n fún un ní ẹ̀wọ̀n gbére, wọ́n sì dín in kù sí ọdún 15 nítorí ọjọ́ orí rẹ̀. Ogójì ọdún ó lé oṣù mẹ́jọ ló gbà.

Ó tó kí n mú tiwa wá. Lálẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án 2007, àwọn ọlọ̀tẹ̀ ya bo ibùdó àwọn ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ní Haskanita, ní Darfur, nílẹ̀ Sudan. Wọ́n pa àwọn méjìlá. Ọmọ ogun Nàìjíríà ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn kan sì wá láti Mali, Senegal àti Botswana. Èyí dé The Hague, torí pé Ìgbìmọ̀ Ààbò fúnra rẹ̀ ti gbé ọ̀rọ̀ Darfur lé ilé ẹjọ́ náà lọ́wọ́ ní 2005. Afurasí mẹ́ta ni wọ́n dárúkọ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sí The Hague! Ní 2010 àwọn adájọ́ sọ pé ẹ̀rí tó wà lórí ẹni àkọ́kọ́, Bahr Idriss Abu Garda, kò tó. Wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀sùn àwọn méjì yòókù ní 2011, ṣùgbọ́n wọn kò dá wọn dúró, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ títí ìgbẹ́jọ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀. Saleh Jerbo kú sójú ogun ní 2013. Abdallah Banda kò padà wá. Ní 2014 wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ ìwé àṣẹ pé kí wọ́n mú un, ẹjọ́ náà sì dúró síbẹ̀, torí pé The Hague kì í gbọ́ ẹjọ́ lẹ́yìn ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn.

Ẹ wo bí Haskanita ṣe jọ Al-Aqbiya. Ilé ẹjọ́ tí gbogbo ayé bọ̀wọ̀ fún àti ilé ẹjọ́ ológun tí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ń ṣàríwísí, ibì kan náà ni àwọn méjèèjì ti kọsẹ̀. Ẹni náà wà lọ́wọ́, wọ́n sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bazzi, tí wọ́n mú dá padà sí Lẹ́bánónì, òun nìkan ni ẹjọ́ rẹ̀ parí sí ẹ̀wọ̀n ọlọ́dún gbọọrọ. Iyàtọ̀ tó wà láàárín Dublin àti Abuja ni pé ní Dublin, ọmọ ilé aṣòfin a máa dìde béèrè pé ibo la bá ọ̀rọ̀ Rooney dé, mínísítà a sì ní láti dáhùn. Mélòó nínú wa ló mọ orúkọ ẹyọ kan nínú àwọn tó kú ní Haskanita?

Nǹkan kan tún wà tó ń lé Ireland báyìí. Ní oṣù Kẹjọ 2025, oṣù tó tẹ̀ lé ìdájọ́ Beirut, Ìgbìmọ̀ Ààbò pinnu pé iṣẹ́ UNIFIL yóò parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2026, wọ́n sì fún àwọn ọmọ ogun náà ní ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn láti kó ẹrù wọn kúrò. Ní gbogbo àkókò tí ẹjọ́ yìí ń lọ, Lẹ́bánónì nílò àwọn ọmọ ogun Ireland, ó sì ní ìdí láti gbọ́ ohun tí mínísítà wọn bá sọ. Bí ibùdó bá ti dòfo, okùn yẹn já. Ohun tí yóò kù ni aṣojú tó ń ti Cairo wá, òfin ọdún 2000 tó wà nínú ìwé ní Dublin, àti ìrètí pé ọkùnrin tí wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún lẹ́yìn rẹ̀ yóò gbé ìwé ìrìnnà kan síwájú òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè níbì kan lọ́jọ́ kan.